Fèrèsé Hilla

Oṣù Kọkànlá ni, yìnyín ti bo ẹnu ọ̀nà wa ní Turku.
Mo jókòó ti tábìlì ìdáná, mo tan fóònù,
mo ń ra yàrá nínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni ń ra ẹran:
mo yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn,
owó ń wò mí, èmi náà ń wo owó.

Ọmọ mẹ́ta ni mo fẹ́ kó sínú ilé tó ń léfòó.
Oskari, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní bẹ́ẹ̀dì òkè lòun máa sùn;
bí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì òkè, kí n fi òun sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àgbà.
Hilla ní fèrèsé. Fèrèsé ṣáá.
Ó ní báwo ni òkun ṣe máa mọ̀ pé òun wà níbẹ̀?
Venni kò sọ nǹkan kan. Oṣù mẹ́tàlá ni.
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ìrìn ẹni tí ilẹ̀ ń sá fún,
ohunkóhun tó bá ga ju orúnkún rẹ̀ lọ, ó fẹ́ gùn ún.

Nítorí náà mo yọ yàrá tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ síta kúrò lọ́rọ̀.
Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ dáadáa: àga méjì, ife wáìnì méjì, oòrùn tó ń wọ̀.
Kò sí ọmọ kankan nínú àwòrán náà.

Èyí tí kò ní fèrèsé ló dínwó jù,
nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kó mọ́tò sí.
Bí o bá paná níbẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá o lajú tàbí o dijú.
Mo rò ó pé ọmọ á sùn fọnfọn.
Mo tún rò ó pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́,
àtẹ̀gùn mélòó, ọmọ mélòó.
Ọwọ́ méjì ni mo ní.

Mo pe Aarne, bàbá mi,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógún rọ epo sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.
Ó ní, "Àárín ni kó o mú. Iwájú ń fò, ẹ̀yìn ń gbọ̀n,
àárín ló máa ń dúró bí àgbàlagbà.
Má sì sún mọ́ ibi ijó. Wọ́n á kọrin títí di aago mẹ́ta,
kò sí èyí tó mọ orin kọ nínú wọn."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mú fèrèsé fún ọmọ yẹn."

Mo rí ọ̀kan láàárín, ilẹ̀ kẹfà, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, fèrèsé kan,
owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti inú òkùnkùn.
Mo yọ̀. Mi ò ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ a wọkọ̀. Hilla ló ti ilẹ̀kùn,
ó sáré, ó fa kọ́tìnnì.
Òkun dà?
Ikùn ọkọ̀ kékeré kan ni, aláwọ̀ ọsàn, gbàgàdà,
irú èyí tí wọ́n fi ń kó èèyàn sá bí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ rì.
Wọ́n so ó rọ̀ síwájú fèrèsé wa, ó dí ojú ọ̀run pa.
Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa.
Hilla fi iwájú orí ti gíláàsì.
"Màmá, wọ́n fún wa ní àbùùbùtán.
Ó ń sùn. Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Òru. Ẹsẹ̀ Oskari kan ń fì lókè.
Venni wà láàárín èmi àti ògiri, mo fi ìrọ̀rí mọ odi yí i ká.
Lábẹ́ wa, ẹnì kan ń pa orin ìfẹ́ kan lẹ́kún.
Oorun kò kùn mí.
Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ara àbùùbùtán náà:
èèyàn àádọ́jọ.
Mo kà wá. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, èmi mẹ́rin.
Ó ku mẹ́rìndínláàádọ́jọ.
Àyè wà.

Láàárọ̀, Kauko, tó ń kan òrùlé ní Stockholm láti oṣù Kẹjọ,
gbé Hilla sókè ní èbúté, ó bi í pé kí ló rí lójú omi.
"Ẹja ńlá kan," ló wí. "A ò jí i."